Ibi tí orúkọ obìnrin ti ń já kí ọjọ́ ìdìbò tó pé

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí wọ́n bá béèrè ìdí tí obìnrin fi ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn tí à ń dìbò fún, owó fọ́ọ̀mù ni gbogbo ẹnu máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Lọ́dún 2022, mílíọ̀nù 2 náírà ni APC ta fọ́ọ̀mù ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀: ₦500,000 láti fi ìfẹ́ hàn, ₦1,500,000 fún fọ́ọ̀mù ìdíje gan-an. Wọ́n fi ìkejì yẹn jin obìnrin, ₦500,000 ló kù kó san. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún àwọn ipò yòókù. Síbẹ̀, nígbà tí INEC ka èsì ọdún 2023, obìnrin 3 péré ló wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nínú ìjókòó 109; ilé ẹjọ́ ló fi ìkẹrin kún un.

Owó fọ́ọ̀mù nìkan kọ́ ló ń dí obìnrin lọ́nà nígbà náà. Ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò. Abala 77 òfin ìdìbò ọdún 2022, tí òfin tuntun rọ́pò lọ́dún 2026, ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí INEC, ó pẹ́ tán, nígbà tí ìdìbò abẹ́lé, èyí tí ẹgbẹ́ fi ń yan olùdíje rẹ̀, bá ku 30 ọjọ́. Obìnrin tó ń dáná fún ìpàdé, tó ń kó èrò jọ ní Sábó, tó ti ra aṣọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó lè má sí nínú ìwé yẹn rárá. Ẹ lọ bá akọ̀wé wọ́ọ̀dù, ẹ ní kó ṣí ojú ewé náà, kí ẹ fojú ara yín rí orúkọ àti nọ́ńbà yín, kí ẹ sì fi fóònù yà á. Bí ó bá ní "ó ti wà níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀", ẹ má tíì dìde.

Orúkọ gan-an tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Ti bàbá ló wà lórí ìwé ẹ̀rí WAEC, ti ọkọ ló wà lórí káàdì ìdìbò, alátakò á sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹ lọ búra ní kọ́ọ̀tù, ẹ gbé ìyípadà orúkọ sínú ìwé ìròyìn, ẹ fi ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó tì í. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ta fọ́ọ̀mù ni kí ẹ ti parí ìyẹn.

Àǹtí Ràfíá, Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ "ọmọ ibí" ni mo fẹ́ fi kún un. Obìnrin tó bá lọ́kọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n á ní kó lọ díje nílé bàbá rẹ̀. Tó bá délé bàbá rẹ̀, wọ́n á ní ó ti di ti ilé ọkọ. Abala 106 ìwé òfin Nàìjíríà kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà, ọmọ ọdún 25, ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó bá a dọ́gba, àti ẹgbẹ́ tó fà á kalẹ̀: kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tẹ abala náà sórí bébà, ẹ mú un dání lọ sípàdé.

Ìpàdé náà sì rèé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹni tó máa jí lọ sọ́jà ẹja Olúwò ní ìdájí ti sùn nígbà yẹn, àárín òru ni wọ́n sì ń pín ipò. Ẹ béèrè fún ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi "olórí obìnrin" pa yín lẹ́nu mọ́. Ipò akọ̀wé ni kí ẹ dù, torí ọwọ́ akọ̀wé ni ìwé orúkọ wà.

Bàbá Sènámì, Àgbádárìgì

Ẹ wo ohun kan. Obìnrin 5 ló ti ṣe igbákejì gómìnà l'Ékòó, láti orí Sinatu Ojikutu lọ́dún 1992 títí dé orí Idiat Adebule tó kúrò lọ́dún 2019, tí ẹkùn wa sì dìbò yàn sí Sẹ́nétọ̀ lọ́dún 2023. Gómìnà obìnrin kò tíì sí. Olùdíje gómìnà ló ń mú igbákejì rẹ̀, igbákejì kì í la ìdìbò abẹ́lé kọjá. Ìdìbò abẹ́lé gan-an ni wọ́n ti ń gé obìnrin, ìfẹnukò sì ni ọ̀bẹ rẹ̀. Àwọn àgbà á pe obìnrin náà sí pálọ̀, wọ́n á ní kó fi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, pé tirẹ̀ ń bọ̀.

Abala 84 òfin 2022 kan náà sọ nígbà náà pé gbogbo olùdíje tí wọ́n ti yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yọwọ́ tinútinú. Bí ẹyọ ẹnì kan bá kọ̀, ìfẹnukò ò dúró, ẹgbẹ́ ní láti dìbò. Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ sí bébà òfìfo kankan tí wọ́n bá ní fún ètò ni. Bí wọ́n bá sì rẹ́ yín jẹ, abala 285 ìwé òfin Nàìjíríà fún yín ní 14 ọjọ́ láti pẹjọ́. Ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́wàá bẹ àgbà kan dé òmíràn, mẹ́rin ló kù fún lọ́yà. Ẹ máa bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kí lọ́yà ti máa kọ̀wé.

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

Òótọ́ ni, Bàbá Sènámì. Ní ti owó, aṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó ìdìbò ni kí ẹ ná an fún. Kó dúró títí wọ́n á fi ka ìbò tán, kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù EC8A tí wọ́n ń kọ èsì ibùdó náà sí, kó sì gba ẹ̀dà tirẹ̀. Láìsí ẹ̀dà yẹn, kí ni lọ́yà máa gbé síwájú adájọ́?

Ibi tó sì súnmọ́ wa jù ni káńsù: 6 ní Ìkòròdú tí a bá ka àwọn LCDA, ìyẹn káńsù tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, mọ́ ọn, 3 l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, 3 l'Ágbádárìgì. Àwọn kan ní ká dúró de àbádòfin ìjókòó àfikún fún obìnrin. Mo fẹ́ kó kọjá tọkàntọkàn. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹta 2022 ni ilé aṣòfin àpapọ̀ da irú rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n bó bá kọjá lọ́la, ẹgbẹ́ náà ni yóò ṣì fa ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ kalẹ̀. Ẹ lọ wo ìwé wọ́ọ̀dù yín lọ́sẹ̀ yìí.