Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí òróró sandalwood

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Òróró olóòórùn dídùn ni mò ń tà l'Ékòó, àwọn kọ́sítọ́mà mi wá ń bèèrè òróró igi sandalwood Íńdíà gidi. Èyí tí mo rà kẹ́yìn, tí n bá kán an sí ọrùn ọwọ́, á kọ́kọ́ ta sánsán, kílẹ̀ tó ṣú kò sí nǹkan mọ́, bẹ́ẹ̀ ojúlówó kì í pariwo, ó máa ń pẹ́ lára ni. Mo bèèrè ìwé àyẹ̀wò santalol, ìyẹn èròjà tó ń fún òróró yìí ní òórùn ẹ̀, ẹni tó tà á fún mi ò rí i kó wá. Ẹlòmíì ń ta òróró igi Íńdíà kan náà tí wọ́n gbìn sí Kununurra ní Ọsirélíà, ìwé wà, àmọ́ owó ẹ̀ wọ́n gan-an. Ṣé kí n ra díẹ̀ nínú tonìwé yìí, kí n máa tà á ní ìgò kékeré? Ẹ má bínú pé ó gùn o, mo dúpẹ́ ṣáájú.