Èsì: “Rííìmù àbínibí” kẹ̀? Ta ló bí i?

Ẹ̀yin ará ilé,

Mo fẹ́ dákẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ló ń yún mi lọ́fun. Àbúrò wa tó wà ní Sheffield kọ̀wé lọ́jọ́ Àìkú pé kẹ̀kẹ́ agòkè (èyí tí wọ́n ń gùn lórí òkè àti àpáta) tuntun tí òun rà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọ́ kóṣù tó pé, lórí òkúta Peak District, ilẹ̀ olókè kan ní England. Ó ní “rííìmù àbínibí àwọn kẹ̀kẹ́ tuntun kì í tọ́jọ́”, ìyẹn rííìmù (òbìrí tí táyà jókòó sí) tó bá kẹ̀kẹ́ wá láti ilé-iṣẹ́. Kíá lẹ ti ń yìn ín pé ó mọ ọ̀rọ̀ dá.

Ẹ jẹ́ ká tú u. À-bí-ni-bí. Ta ni ìyá rííìmù? Èdè àbínibí, ẹ̀bùn àbínibí, àrùn àbínibí: ohun tó bá ènìyàn ti inú wá, tí kò ṣe é bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé “bí” inú rẹ̀ ti kú, pé kò sẹ́ni tó ń rántí ìkúnlẹ̀ mọ́ bó bá gbọ́ ọ, ẹ bi ìyá arúgbó kan ní Ìsẹ́yìn bóyá wọ́n máa ń bí táyà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo kọ́ṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ní Òkè-Àdó kí n tó di olùkọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìwé-ẹ̀rí dẹ́rù bà mí. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń ti ilé-iṣẹ́ jáde, ẹ̀rọ ló ń fún sípóòkù wọn, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so rííìmù mọ́ àárín ẹsẹ̀. Ó lè dúró ṣánṣán lójú, kí ọ̀kan le, kí èkejì rọ̀. Bí wọ́n bá gùn ún díẹ̀, orí sípóòkù á wá jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tún dẹ̀ sí i. Sípóòkù tó dẹ̀ kò lè gba rííìmù sílẹ̀. Bó bá fi kọlu òkúta, ibi tó kọlù nìkan ni yóò jẹ gbogbo ìyà náà, á sì tẹ̀. Ọ̀gá mi kì í gbé kẹ̀kẹ́ tuntun fún oníbàárà láìfi èékánná ta sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tẹ́tí sí dídún rẹ̀. Bó o bá sì gùn ún fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wàá gbé e padà wá kí wọ́n tún un fún. Ta ló ń gbé e padà lóde òní? Ẹ tún wo afẹ́fẹ́ táyà. Àwọn tó ń gun agòkè kì í fẹ́ kó pọ̀, kí táyà lè di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n bó bá ti kéré jù, òkúta á gba inú táyà kan rííìmù gan-an.

Mi ò ní kò sí èyí tó burú láti ilé. Rííìmù onípele kan tó wà lára kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú, èyí tó kàn jọ agòkè lójú, kò yẹ ẹni tó ń fò lórí àpáta. Onípele méjì, tó ṣófo nínú bí oparun, ló lè gbà á. Bíréèkì onídíìsìkì, tó ń di àwo irin àárín ẹsẹ̀ mú dípò rííìmù, pàápàá ti ràn wọ́n lọ́wọ́, rọ́bà kò fá ẹ̀gbẹ́ rííìmù jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ní “àbínibí”, a ti dá rííìmù lẹ́bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bi sípóòkù léèrè.

“Orígínà” náà kò bá a mu. Rííìmù tó bá kẹ̀kẹ́ wá lè jẹ́ gbàrọgùdù, kí orígínà jẹ́ èyí tó o fowó ara rẹ rà lẹ́yìn. “Àràmọ́” tí Dókítà, olùkọ́ èdè àárín wa, mú wá ńkọ́? Ohun tí a rà mọ́ nǹkan, ènì ló jọ. Ta ló ń ta kẹ̀kẹ́ tí kò lẹ́sẹ̀?

Èmi dá “àbáwá”. Rííìmù àbáwá.

---

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo gba ti sípóòkù, mi ò gba ti “àbáwá”. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yín ló ṣì mí lọ́nà. Ohun tó ń ṣe nǹkan, “a-” olóhùn àárín ló ń gbà: abánigbé, abánisọ̀rọ̀, asọ̀rọ̀mágbèsì. Rííìmù ló bá kẹ̀kẹ́ wá, òun ló ṣe é. “Abáwá” ló yẹ kí ẹ kọ. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn, ọmọ iléèwé á kà á sí “àbá wá”, á ní ta ló dá a. Ohun tí mo sì fi ń kọ́ni láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

---

Dókítà, àtọ̀húnrìnwá ńkọ́? Ṣé kì í ṣe òun ló rìn wá ni? “À-” olóhùn ìsàlẹ̀ ló sì gbé sọ́rùn. Ẹ tú ìyẹn fún wa ná.

---

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ṣé o. Inú “àtọ̀húnrìnwá”, “ti” wà níbẹ̀ (à-ti-ọ̀hún-rìn-wá), ẹ má fi ìyẹn jà. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí bàbá mi gùn, irin ni rííìmù rẹ̀: sípóòkù 32 níwájú, 40 lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ pé ó tẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ ṣá, bíréèkì rẹ̀ kì í mú, ìyẹn mo gbà. Íǹṣì 28 ni wọ́n ń pè é, ibi tí táyà jókòó sí lára rííìmù fẹ̀ tó mílímítà 635 láti etí kan dé ìkejì. Agòkè yín tẹ́ ẹ ń pè ní 29, 622 ni tirẹ̀. Rííìmù 29 kéré sí ti 28! Òyìnbó tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò bi ẹnikẹ́ni nípa àfòmọ́.

Ta ló sì kọ́kọ́ kọ “sípóòkù” nínú ìwé yìí? Ní Ìjẹ̀bú tiwa, sípóòkì ni.