Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti London, ilé adìyẹ mi wà lẹ́yìnkùlé. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Adìyẹ, Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́sìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń mú ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 9, bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá. Wọ́n bí cystic fibrosis mọ́ ọn: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ máa ń ki, kì í tètè jáde, ohun tó bá sì fà símú a jókòó síbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá wọ́n bá èbu Aspergillus nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà. Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ débi pé àyà rẹ̀ ń dún fíí-fíí bíi ti oníkọ́ fée. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi lo prednisolone, oògùn tó ń mú kí wíwú ara rọlẹ̀, àti itraconazole, oògùn tó ń gbógun ti èbu.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dárúkọ Aspergillus, àyà mi já. Mo mọ̀ ọ́n. Lásìkò òjò, ìyẹ̀ pákó tí mo tẹ́ fún àwọn ọmọ adìyẹ tutù, mi ò tètè mọ̀. Nínú 200, 43 ló kú. Dókítà ẹran la ọ̀kan níṣojú mi, ó fi àwọn kókó funfun tó wà lára ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ hàn mí. Èbu yẹn náà ni. Ilé adìyẹ ọ̀hún ló kọjú sí fèrèsé yàrá tí mo fẹ́ kí ọmọ yìí sùn sí.

Dókítà wọn ti ní kó má sún mọ́ ààtàn, ilé ẹṣin àti koríko gbígbẹ. Wọn ò dárúkọ adìyẹ. Ṣé kí n gbá ibẹ̀ mọ́ ni, àbí kó má dé ilé mi rárá? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ló ti ń béèrè àwọn ọmọ adìyẹ.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé:
Ìyá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ọ̀kan náà ni ilé ẹṣin àti ilé adìyẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó bá ń jẹrà ni èbu yẹn ń hù lára, eruku rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. A ò lè sá fún un tán, afẹ́fẹ́ ibi gbogbo ló ní in. Ibi tó ti pọ̀ jù ni kẹ́ ẹ gbé ọmọ kúrò.

Ẹ jọ̀ọ́, òógùn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń gbé iyọ̀ púpọ̀ jáde, oòrùn wa sì mú. Kí màmá rẹ̀ bi dókítà wọn léèrè iye omi àti iyọ̀ tó yẹ kó máa gbà. Bó bá wúkọ́, ẹ má ra itraconazole ní kẹ́mísì. Bó bá ń lo Kaftrio, ìyẹn oògùn cystic fibrosis, itraconazole kì í jẹ́ kí Kaftrio tètè kúrò lára; dókítà ló mọ bó ṣe máa dín Kaftrio náà kù.

Ọlọ́sìn Ẹ̀pẹ́:
Ẹ má gbá a o! Gbígbá gan-an ló ń gbé eruku dìde. Ẹ wọ́n omi sí ìyẹ̀ pákó náà, kẹ́ ẹ fi ṣọ́bìrì kó o, kẹ́yin náà bo imú. Ẹ kó o tán ṣáájú kí wọ́n tó dé, ẹ má sì kó o jọ sí àyíká ilé. Ẹ fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́.

Ìyá Adìyẹ, Ìkòròdú:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ilé àbúrò wa nítòsí Gáréèjì ni wọ́n máa dé sí, èmi ni n ó máa lọ bá wọn. N ó wẹ̀, n ó pààrọ̀ aṣọ kí n tó jáde, torí eruku ibẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ mi lára. Ọmọkùnrin mi ti ń ya fídíò àwọn ọmọ adìyẹ ránṣẹ́ sí i. Ó ti mú ọ̀kan tó ní àmì dúdú lórí, ó ní tòun nìyẹn, ká má tà á.