Ta ló ni ilé tí ìyá mi bá bàbá mi kọ́?

Àkọ́bí Ìyá:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi, àwọn ẹbí péjọ sí pálọ̀ wa, wọ́n ní ìdí-igi, ìyẹn iye ìyàwó tó bímọ fún bàbá, ni àwọn yóò fi pín ogún, wọ́n sì gba ìdì kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ìyá mi, ẹni tó fi èrè àdìrẹ tó ń tà ra búlọ́ọ̀kù àti páànù ilé náà. Wọn kò bi í léèrè ohunkóhun. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́ náà, èyí ni kò sì jẹ́ kí n rí oorun sùn. Mo ti ń ka èrò àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin, mo sì rí i pé ohùn wọn kò ṣọ̀kan: àwọn kan ní òfin ni ká tún ṣe, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó ni, àwọn mìíràn ní ojú òyìnbó kọ́ ni ká fi wo ilé Yorùbá. Èwo nínú wọn ló lè ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi, nígbà tó jẹ́ pé obìnrin ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ obìnrin?

Agbẹjọ́rò Ìbàdàn:
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ní tèmi, òfin ni ká kọ́kọ́ mú. Ọdún 1957 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu pé, lábẹ́ àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ rẹ̀; bẹ́ẹ̀ ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀ bí ọmọkùnrin ti ń jogún. Àbùkù bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 pẹ̀lú, nítorí ọkùnrin lè sọ aya rẹ̀ tó jẹ́ àjèjì di ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n obìnrin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, àwọn aṣòfin sì kọ àtúnṣe rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2022. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìgbéyàwó kóòtù ni àwọn òbí yín ṣe? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Òfin nìkan kò tó. Láti ọdún 1918 ni wọ́n ti ń gba owó-orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, wọn kò sì ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Ìgbà tí àwọn obìnrin tó mọ̀wé àti àwọn ìyá ọlọ́jà jọ dìde lẹ́yìn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ni ọ̀rọ̀ wọ àwọn aláṣẹ létí, tí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949. Bákan náà ni ti ìyá yín: òógùn rẹ̀ ló wà lára ògiri ilé yẹn, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ fún ọkọ ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni ìrẹ́jẹ náà ti bẹ̀rẹ̀, kí bàbá tó kú rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn:
Ní ti àbúrò bàbá yín, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ ọ́ nínú ìwé tó ṣe ní ọdún 1997 pé àgbà àti àbúrò ni a fi ń to ara wa kí òyìnbó tó dé, kì í ṣe akọ àti abo. Gbogbo ọmọ ilé, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni ìyàwó tó wọlé ń pè ní ọkọ. Nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé ni àǹtí yín ṣe gba kọ́kọ́rọ́. Ìyá yín náà sì jẹ́ ọkọ fún àwọn ìyàwó ilé bàbá tirẹ̀. Àlàyé yìí lágbára, ṣùgbọ́n n kò gbà á tán, torí obìnrin ni a ń gbé lọ sílé ọkọ. Ẹni tó bá ń fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nígbà gbogbo, òun náà ni yóò máa jẹ́ àlejò nílé tó bá wọn kọ́.

Àkọ́bí Ìyá:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe, ẹ̀yin Agbẹjọ́rò. Mo tú àpótí ìyá mi lánàá, mo bá rìsíìtì mẹ́ta níbẹ̀: orúkọ bàbá mi ni wọ́n kọ sí méjì, ti páànù nìkan ló ní orúkọ ìyá mi. Ṣé ó ṣeé gbé lọ síwájú adájọ́?