Èsì: "Irin aláìlóòfà" kò lè jẹ́ orúkọ sténlẹ́ẹ̀sì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní kí á máa pe sténlẹ́ẹ̀sì (stainless steel) ní "irin aláìlóòfà", nítorí pé òòfà ni àwọn tó ń ta bóòtù (irin onínọ́ọ̀tì tí a fi ń de nǹkan pọ̀) fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ní ayédèrú ni. Ẹnì kan fèsì pé "irin aláìdógùn-ún" ló yẹ. Ẹ̀yìn ẹni kejì ni mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tiẹ̀ náà ń fọ́nnu díẹ̀. Omi òkun ń jẹ ọ̀pọ̀ sténlẹ́ẹ̀sì.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ohun tó ń fà ni òòfà. Irin tó ń tẹ̀ lé e kọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà "aláìlóòfà" kò tilẹ̀ sọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn. Ìyẹn kéré ṣá. Sténlẹ́ẹ̀sì tí Harry Brearley, onímọ̀ irin kan, ṣe ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1913, irin àti kúrómíọ̀mù (mẹ́táàlì kan tí wọ́n ń pò mọ́ irin) bí ìdá 13 nínú 100 ni, òòfà sì ń fà á dáadáa. Èyí tí ilé iṣẹ́ Krupp ní Essen, ní Jámánì, ṣe ní nǹkan bí àkókò yẹn ní níkẹ́ẹ̀lì, mẹ́táàlì mìíràn, nínú, ìyẹn ni òòfà kì í fà. Bí a bá gba orúkọ ẹ̀gbọ́n, ti Brearley di ọmọ àlè nílé bàbá rẹ̀.

Kúrómíọ̀mù ni kì í jẹ́ kó dógùn-ún, kò sì dí òòfà lọ́wọ́. Bí átọ́ọ̀mù, àwọn ẹyọ kín-ín-kín-ín tó para pọ̀ di irin, ṣe jókòó ni gbogbo ẹjọ́ náà. Nínú irin tó tutù, átọ́ọ̀mù wà ní igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ àpótí kékeré kan, ọ̀kan sì wà ní àárín gbùngbùn. Òòfà ń fa irin tó jókòó báyìí. Bí ooru bá kọjá 912°C, ti àárín á kúrò, ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àpótí náà á wá ní átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Bí irin lásán bá tutù, á padà sí ìjókòó àtijọ́. Níkẹ́ẹ̀lì ló ń di ìjókòó ooru yìí mú kó má padà.

Ẹ wá wo bóòtù A2 (A2, A4 àti C jẹ́ àmì oríṣi sténlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń ṣe bóòtù), tó ní kúrómíọ̀mù bí 18 nínú 100 àti níkẹ́ẹ̀lì bí 8. Ìjókòó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Wáyà ni wọ́n gé, wọ́n lù ú ní tútù títí ó fi ní orí, wọ́n sì yí i láàárín irin líle méjì kó lè ní tíréèdì, ìlà yíyípo tí nọ́ọ̀tì ń gbà wọlé. Níbi tí ìyà yẹn ti pọ̀ jù, apá kan átọ́ọ̀mù á fi ìjókòó ooru sílẹ̀, òòfà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ìdí nìyí tí òòfà fi lè lẹ̀ mọ́ orí àti tíréèdì bóòtù kan náà, kó má fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ tó kù. Bí ẹ bá yan án ní bí 1050°C, tí ẹ sì mú un tutù kíákíá, fífà náà á lọ, agbára tí ìlù fún un á sì bá a lọ. A4 ní níkẹ́ẹ̀lì jù ú lọ, ó sì ń ṣorí kunkun díẹ̀, kì í tètè fi ìjókòó ooru sílẹ̀. Ti síkúrúù tó ń lu ihò fúnra rẹ̀ tún yàtọ̀: ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ le, nítorí náà ìdílé C, ẹ̀yà ti Brearley, ni wọ́n sábà máa ń lò. Òòfà á gbé e ṣánṣán, sténlẹ́ẹ̀sì ni síbẹ̀.

Àyẹ̀wò òòfà lè tú àṣírí irin lásán tí wọ́n fi síńkì bò, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn sténlẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n fi máńgáníìsì, mẹ́táàlì mìíràn, rọ́pò púpọ̀ nínú níkẹ́ẹ̀lì. Òòfà kì í fà wọ́n, wọ́n sì ń tètè dógùn-ún ju A2 lọ.

Àbá tèmi: "àrọtútù" fún ohun tí a lù ní tútù, nítorí "rọ" ni alágbẹ̀dẹ ń sọ, inú iná ló sì ti ń rọ ọkọ́. "Ìjókòó ooru" àti "ìjókòó òtútù" fún méjì tí mo ṣàlàyé lókè. Ẹ̀kẹta, tí ìlù, tàbí rírì sómi lójijì fún ẹ̀yà ti Brearley, fipá mú wá, ni mo ń pè ní "ìjókòó àfipáṣe", ó kàn wúwo lẹ́nu. Ẹni tó bá ní èyí tó fúyẹ́ jù ú lọ, kó fi ránṣẹ́.