Lórí orúkọ rọ́bà etí ilẹ̀kùn ọkọ̀: èdídí ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Orúkọ mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ nínú ìjíròrò wa fún rọ́bà tó yí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ká: adènà-òjò, èdìdì, àti rọ́bà ilẹ̀kùn, bí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó ṣe ń pè é. Ẹ̀kẹta dára fún ọjà. Ṣùgbọ́n ìwé àtúnṣe tí a ń kọ lórí àwọn ọkọ̀ àtijọ́, irú Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé rọ́bà ara ilẹ̀kùn kan ju ẹyọ kan lọ, iṣẹ́ wọn kò sì jọra.

Ẹ wo adènà-òjò. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níta, níbi tí gíláàsì ti ń wọnú ilẹ̀kùn, kì í dá omi dúró. Ńṣe ló ń nu gíláàsì. Omi tó bá kọjá ń ṣàn sínú ikùn ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ṣe fẹ́ kó rí. Ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ sẹ́yìn pátákó inú ilẹ̀kùn ló ń dáàbò bo inú ọkọ̀, àwọn ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ló sì ń da omi náà síta. Bí ihò wọ̀nyẹn bá dí, tàbí tí ẹni tó tún ohun tó ń gbé gíláàsì ṣe bá ya ọ̀rá náà, kápẹ́ẹ̀tì yóò máa rin. Oníṣẹ́ tí a ti sọ fún pé “adènà-òjò” ni rọ́bà yóò lọ ra tuntun, omi yóò sì máa wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo dábàá anugíláàsì fún èyí, kí ìwé wa sì ní kí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tú ihò ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó na owó kankan.

Ó ku rọ́bà oníhò nínú, èyí tó yí ẹnu ọ̀nà ká tí ilẹ̀kùn ń tẹ̀ bó bá tì, tí a ń jà lé lórí gan-an. Èdìdì inú ìwé Ìfihàn, tí a bá ti tú u, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Rọ́bà yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn ń ṣí, ó ń tì, lójoojúmọ́. Èdídí, láti ara dí, tí a fi ń dí ẹnu ìgò, ló bá a mu. Ohun tó ń dí nǹkan gbọ́dọ̀ fún mọ́ àlàfo. Bí ilẹ̀kùn bá tì, ó yẹ kí rọ́bà náà tẹ̀ wọlé tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí kò bá tẹ̀ rárá, afẹ́fẹ́ yóò máa súfèé. Bó bá pẹlẹbẹ tán, ilẹ̀kùn kò ní tì. Ẹ fi bébà há ilẹ̀kùn, kí ẹ fà á. Ibi tó bá ti yọ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kò dí. Àwọn tó ń sọ pé àmì ohùn yóò da òǹkàwé rú, ẹ jẹ́ ká kọ èdídí ilẹ̀kùn ní kíkún.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà nínú àkọsílẹ̀ wa ló tún ń dùn mí jù: “fa rọ́bà náà yí ẹnu ọ̀nà ká.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fà kúrò! Rọ́bà tí a fà yóò sún kì tó bá ti rí oòrùn díẹ̀. Ojú ìsopọ̀ yóò là, igun yóò sì pẹlẹbẹ. Tẹ̀ ni ká kọ. Ẹ fi okùn wọn ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀, ẹ má wọn rọ́bà àtijọ́ tó ti sún kì. Ẹ fi mìlímítà 10 kún un. Ẹ ha ìpata kúrò létí irin, ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 80 àti 180 yún un, ẹ fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ kùn ún, kó gbẹ. Àárín ìsàlẹ̀ ni kí ojú ìsopọ̀ wà. Ẹ kọ́kọ́ tẹ àwọn igun wọlé, kí ẹ wá máa ti èyí tó kù sí àárín wọn. Èyí tó ní irin nínú kò nílò gọ́ọ̀mù. (Irú rọ́bà gíláàsì iwájú ni fà tọ́ sí, nítorí okùn la fi ń fa ètè rẹ̀ wọlé.)

Bákan náà ni “fi ọ́ìlì pa á.” Èyí tó pọ̀ jù nínú rọ́bà tuntun jẹ́ EPDM, irú rọ́bà àtọwọ́dá kan; ọ́ìlì mọ́tò àti kẹrosíìnì ń mú un wú, á sì rọ̀ jọ̀gọ̀dọ̀. Ẹ kọ gírísì sílíkóònù.

Èyí tó kù láti sọ lórúkọ ni àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn tó wà lára èdídí, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gbà jáde bí ilẹ̀kùn bá tẹ̀ ẹ́. Mo pè wọ́n ní ihò èémí. Bí gọ́ọ̀mù bá dí wọn, ilẹ̀kùn yóò máa ta padà, oníṣẹ́ yóò sì lọ máa sún irin tí lọ́ọ̀kì ń gbá mú, nígbà tí abẹ́rẹ́ lásán ì bá ti yanjú rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ tó ju èyí lọ, ẹ mú un wá.