Ayálégbé mi fẹ́ kó jáde kí ọdún tó pé, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọdún kan lèmi àti arábìnrin tó ń gbé ilé mi jọ kọ sínú àgírímẹ́ǹtì, oṣù márùn-ún péré ló ṣì lò, àná ló pè mí pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ òun lọ sí ìlú míì, òun fẹ́ kó jáde lóṣù tó ń bọ̀. Kò jẹ mí ní gbèsè rí, mi ò sì fẹ́ fìyà jẹ ẹ́, àmọ́ owó ilé yẹn ni mo fi ń san gbèsè báńkì. Ṣé kí n ní kó san gbogbo èyí tó kù ni àbí kí n jẹ́ kó máa lọ?

Ìdáhùn 1:
Ẹ kọ́kọ́ ka àgírímẹ́ǹtì yẹn dáadáa, bóyá ibì kan wà níbẹ̀ tó ní èèyàn lè kó jáde ṣáájú, àti iye oṣù nótíìsì. Tó bá wà, òun náà lẹ máa tẹ̀ lé. Tí ò bá sí, àfi kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò. Ẹ má kàn sọ "ó dáa" lórí fóònù o.

Ìdáhùn 2:
Nígbà tó kan èmi, mo ní kó máa san rẹ́ǹtì lọ títí ẹlòmíì á fi wọlé. Òun gan-an ló mú ẹnì kan wá láti ibiṣẹ́ ẹ̀, mo yẹ onítọ̀hún wò bí mo ṣe máa ń ṣe, kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi wọlé. Ọjọ́ yẹn náà ni mo dá ẹni àkọ́kọ́ sílẹ̀, torí ẹ ò lè gba owó lọ́wọ́ ẹni méjì lórí ilé kan náà, ìrẹ́jẹ ni. Lọ́pọ̀ ibi òfin tiẹ̀ ní kí onílé sapá wá ẹlòmíì, kó má kàn jókòó máa ka oṣù.

Ìdáhùn 3:
Ẹ ṣọ́ra fún kọ́kọ́rọ́ o! Èmi gbà á lọ́wọ́ tẹ́náǹtì láìkọ nǹkan kan, ìgbà tí mo wá ní kó san èyí tó kù, lọ́yà ẹ̀ ní ṣebí mo ti gba ilé mi padà. Mi ò rí nǹkan kan sọ mọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tó ń jáde, iye tó máa san, ti dípọ́síìtì, kẹ́yin méjèèjì sáìn ín. Kẹ́ ẹ sì jọ yí ilé ká, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ògiri àti ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ojú mítà sílẹ̀.

Oníbèéèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ka ìwé yẹn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ti pè é, mo ní kó kọ lẹ́tà, kó san oṣù méjì tàbí títí ẹlòmíì á fi wọlé, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ó sì gbà. Sátidé la máa jọ wo ilé.